Sàréè Tí Ìyá Kì Í Mọ̀

Iṣẹ́ òkùnkùn ni mo ń ṣe jẹun. Mi ò jalè, mi ò sì pààyàn. Ewì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, ewì àti ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn tó fẹ́ràn ìbànújẹ́ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn ṣúgà. Òṣùpá ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀, àti ilé àwókù, àti ọmọge tó kú láìtọ́jọ́ tí olólùfẹ́ rẹ̀ wá ń jókòó ti sàréè rẹ̀ láti alẹ́ dòwúrọ̀. Àwọn tó ń kọ ìtàn nínú wọn ò sàn jù. Ilé ńlá kan gbọ́dọ̀ wà lórí òkè, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa fẹ́, òkú kan sì gbọ́dọ̀ wà tí ọkàn alààyè ò kúrò lára rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí ní Màámi Olókùnkùn lẹ́yìn, wọ́n rò pé mi ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń sọ fún wọn ní kíláàsì àkọ́kọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n má bẹ̀rù òkùnkùn inú àwọn ìwé yìí, pé ọ̀sán ni ojú ara fi ń ríran, òkùnkùn ni ojú inú fi ń ríran. Mo máa ń ní ohun tí ojú ò bá rí mọ́, ọkàn ni yóò yà á, yóò sì yà á dáadáa ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Mo máa ń na ọwọ́ méjèèjì bí oníwàásù bí mo bá ń sọ ọ́, àwọn ọmọ á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn mi, ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún mi pé irọ́ ni mò ń pa.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe ọmọ náà láti kékeré. Ẹni tí irú rẹ̀ bá wà nílé rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí kò bá sí nílé rẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Òru ni egungun máa ń ro ó jù. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ló ti máa ń wá fìtílà rẹ̀, iná oníbátìrì kékeré kan tí mo rà fún un ní Ẹnuwá ní Ifẹ̀, aláwọ̀ ewé, tó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e. Bí iná mànàmáná bá wà, á fi í sí cháájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí wọ́n bá mú iná lọ, á tàn án, á gbé e sí apá òsì rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á sì kọjú sí i. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbé e lọ sí balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ máa ṣiṣẹ́ ní Èkó, bàbá wọn ló là wọ́n níjà.

Ó ti wọ yunifásítì nígbà tó ka ọ̀kan nínú àwọn ìwé mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, ara rẹ̀ ò yá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó pa ìwé náà dé, ó ní, "Mọ́mì, àwọn akéwì yín yìí ò mọ òkùnkùn."

Mo ní, "Kí ló dé tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í yìn ín. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ló ń jókòó sínú òkùnkùn kó máa ronú. Tí ara bá ń ro yín, iná lẹ máa wá."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní lámèyítọ́ gidi ni yóò dà. Ó ní òun ò ṣe lámèyítọ́ kankan, kí n jọ̀ọ́ sún fìtílà òun mọ́ òun. Mo sún un mọ́ ọn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ràn dáadáa ló kú. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn akéwì mi ló kọ ọ́ ni, òjò á ti máa rọ̀, ẹyẹ kan á sì ti máa ké. Kò sí ìkankan nínú wọn. Níwájú ọsibítù, obìnrin kan ń ta búrẹ́dì, ó ń bá oníbàárà rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀rín wọn ń wọ inú wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì fa aṣọ bò ó lójú. Mo bínú sí oòrùn lọ́jọ́ náà, mo bínú sí búrẹ́dì. Títí di òní, mi ò lè jẹ búrẹ́dì tó ṣì gbóná.

Ọmọ Ifẹ̀ ni ọkọ mi. Ilé wọn ò jìnnà sí Ẹnuwá, àwa la lọ kọ́lé sí Mayfair kí iṣẹ́ mi lè wà nítòsí. Kí n tó sunkún ìbẹ̀rẹ̀ tán, àwọn ẹbí rẹ̀ ti kún ilé wa. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ọkọ mi ni èmi náà ń pè é, mo sì ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dàgbà jù ú lọ, nítorí ilé ni mo bá a. Òun ló máa ń sùn ti ọmọ náà ní ọsibítù bó bá ti rẹ èmi àti bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó wọ yàrá ọmọ náà lọ mú aṣọ tí wọn yóò wọ̀ fún un, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò wo ojú mi.

Mo dìde láti tẹ̀ lé e. Àwọn ìyàwó ilé mẹ́ta ló dì mí mú, àgbà inú wọn sì jókòó sórí aṣọ mi.

Ó ní, "Ìyá kì í tẹ̀ lé e. Òbí kì í rí ojú oórì ọmọ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú tiyín kọ́ nìyẹn?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nílùú tiwa. Ọmọ ló ń sin òbí. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà, tó di pé àgbà ló kù, òbí kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ín, wọn kì í fi ibẹ̀ hàn án, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ. Èmi náà ti di ìyá kan mú rí, aládùúgbò wa, nígbà tí tirẹ̀ ṣe aláìsí. Mo dì í mú dáadáa. Ọkọ mi jókòó sórí àga ní kọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin yí i ká. Òun náà ò lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni àbúrò ọkọ mi padà dé. Bàtà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Mo fẹ́ mọ irú erùpẹ̀ tó wà lára rẹ̀, bóyá pupa ni, bóyá dúdú. Ó ti fọ bàtà náà. Mo wo mọ́tò láti ojú fèrèsé. Ó ti fọ taya mọ́tò.

Ẹ kú àmúmọ́ra ni wọ́n ń kí mi. Wọ́n ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ti ń lo gíláàsì ojú tó nípọn, orúnkún mi ń ké bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Mo fẹ́ bi wọ́n pé agbè wo ni wọ́n ń sọ, omi wo ni yóò tún pọn. Ọ̀gá kan láti ẹ̀ka wa wá kí mi, ó ní ó dára pé mo ti ka àwọn ìwé tó lè gbé mi dúró ní irú àkókò yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá ní agbára lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti fi ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà sọ ọ́ lórí, èyí tó tóbi jù nínú wọn.

Nígbà tí èrò dínkù ni mo wọ yàrá rẹ̀. Mo wá fìtílà náà. Okùn cháájà rẹ̀ wà lára ògiri, ó rọ̀ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fìtílà ò sí. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì, mo tú dúrọ́ọ̀, mo yẹ ìsàlẹ̀ àga wò. Mo fura sí obìnrin kan tó wá kí wa, tó wọ ibẹ̀ lọ gbàdúrà, tó sì gbé báàgì ńlá dání. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, n kì í dáhùn ìkíni rẹ̀ dáadáa, mi ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Mo padà sí kíláàsì nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ewì kan ni mo fẹ́ kà, ọkùnrin kan ló ń sọ bí òun ṣe ń sùn ti ibojì ẹni tí òun fẹ́ràn, bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sí òun lára, bí òkùnkùn ṣe dùn níbẹ̀. Mo ti ka ewì náà lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì máa ń sunkún díẹ̀ níbi kan, kí àwọn ọmọ lè rí i pé ó wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ yìí, mo dé ibẹ̀, mo dúró. Kì í ṣe ẹkún ló dá mi dúró, ìlara ni. Mo ń jowú ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́, nítorí pé ó ní ibi tí yóò gbé orí lé. Ó mọ ilẹ̀ náà, ó mọ koríko tó hù sórí rẹ̀, ó lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé, pé orí ń fọ́ mi.

Àtìgbà náà ni ohun tí mo fi ń yangàn nínú kíláàsì ti kọjú sí mi. Ohun tí ojú ò rí, ọkàn ló ń yà á, ọkàn mi sì ń yà á lóòótọ́, kò sinmi. Bí mo bá rí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àyà mi á já. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn. Bí òjò bá rọ̀, mi ò lè sùn, mo ń ro bí omi ṣe ń wọlẹ̀ lọ. Nítorí pé mi ò mọ ibi tó wà, ibi gbogbo ló wà. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀, ọ̀rọ̀ wèrè sì ni: ṣé ibẹ̀ ṣókùnkùn? Mo mọ ohun tí sàréè jẹ́. Mo mọ̀ pé kò sí fèrèsé lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sùn láìsí iná ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀, mo sì fẹ́ rí i, kí n mọ̀ bóyá ó wà lábẹ́ igi tó ṣú, tàbí ní gbangba tí oòrùn lè kàn án.

Mo bi ọkọ mi. Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀. Mi ò bèèrè."

Mo ní, "Ẹ ò fẹ́ mọ̀ ni?"

Ó ní, "Mo fẹ́ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bèèrè."

Mo lọ bá àbúrò rẹ̀ nílé. Mo kúnlẹ̀ fún un, ó sá wá gbé mi dìde, ojú tì í. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ bínú sí mi. Ẹ máa bínú sí mi títí. Mi ò ní sọ." Bí inú bá ń bí i tàbí tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún, èdè Ifẹ̀ ilé wọn ló máa ń sọ, èyí tí mo ń gbọ́ ní ìdajì lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti lò pẹ̀lú wọn. Èdè náà ló fi bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí mò ń lọ.

Mo wá pinnu láti wá a fúnra mi. Ọgbọ́n ìwé ni mo lò. Mo ní ọmọ ìjọ ni, ìjọ sì ní ilẹ̀ ìsìnkú. Mo ní wọn ò ní kọ orúkọ sí i, kí n má bàa rí i kà. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn kíláàsì, mo sì rí òkìtì kan ní igun ògiri, erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, kò ní àgbélébùú, kò ní orúkọ. Igi máńgòrò kan bò ó mọ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ṣú díẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé òun ni. Mo ṣáà mọ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì pé ọkàn lè mọ ohun tí ojú ò rí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo mọ̀.

Mo sunkún níbẹ̀ bí mi ò ṣe sunkún láti ọjọ́ tó ti kú. Mo ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo tu koríko, mo gbin òdòdó, mo bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti nípa owó ọjà. Mo ra fìtílà tuntun, mo tàn án, mo gbé e sí apá òsì. Nígbà tí mo padà débẹ̀, wọ́n ti jí i. Mo ra òmíràn, wọ́n tún jí i. Nínú gbogbo ewì tí mo ti kà nípa ibojì, mi ò rí ibi tí olè ti yọ akéwì kankan lẹ́nu. Síbẹ̀ ara mi ń fúyẹ́ díẹ̀. Mo tún ń jẹun. Mo tilẹ̀ padà ka ewì ọkùnrin yẹn fún kíláàsì mi, mo sì kà á parí.

Lọ́jọ́ kan, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí obìnrin kan wọlé pẹ̀lú bíríkìlà méjì, wọ́n gbé sìmẹ́ńtì àti táìlì. Obìnrin náà múra dáadáa.

Ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ jẹ́ sí bàbá wa?"

Mo ní, "Bàbá wo?"

"Bàbá tí ẹ ń sunkún lé lórí." Ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́dẹ ti sọ fún wa pé obìnrin kan láti Mayfair ń wá síbí, ó ń gbin òdòdó. Ìyá wa ò jẹun láti àná. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé bàbá ní ẹnì kan lápá ibẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, a ò wá bá yín jà. Tí ẹ bá bímọ fún wọn, ẹ sọ ọ́. A ò ní lé ọmọ bàbá wa."

Mo ní, "Mo bímọ. Ó ti kú."

Ó kọ́kọ́ yí ojú sí àwọn bíríkìlà, ó wá wò mí padà. Mi ò mọ bí mo ṣe ṣàlàyé fún un. Mo mọ̀ pé mo sọ nípa àwọn ìyàwó ilé tó dì mí mú, nípa taya mọ́tò tí wọ́n fọ̀. Kí n tó parí, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ olówó ńlá rẹ̀. Ìyá lòun náà.

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n dá yín dúró. Ẹ sunkún yín tán, kí wọ́n tó po sìmẹ́ńtì."

Ẹkún ò wá mọ́. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni bàbá wọn. Ó ní wọ́n lé ní àádọ́rùn-ún, pé wọ́n pa màlúù, pé òkú náà dùn gan-an, àlejò kún Ifẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo gbọn erùpẹ̀ kúrò ní orúnkún mi, mo sì lọ síbi tí mo gbé mọ́tò mi sí. Gbogbo ẹkún tí mo ti ń sun láti ọjọ́ yìí, bàbá arúgbó kan tó jayé dọ́jọ́ alẹ́ ló gbà á. Mo rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò, ẹ̀rín tó ń dẹ́rù bani. Lẹ́yìn náà ni ìbànújẹ́ tó dé bá mi wá ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé lójú mi, ọmọ mi tún kú ni.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn nínú ìjọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ó ti dé etí ẹbí. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, àbúrò ọkọ mi gbé mọ́tò rẹ̀ wá sí Mayfair. Kò jókòó. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ múra, ká lọ. Mi ò lè gbọ́ ọ pé ẹ tún ń sunkún lórí òkú olókùú."

Ọkọ mi ò sọ pé kí n má lọ. Ó ní òun ò lè bá wa lọ, pé ẹsẹ̀ òun ò gbé e. Mo de gèlè mi, mo tú u, mo tún un dè. Àyà mi ń lù bí ti ẹni tó fẹ́ lọ pàdé ọmọ rẹ̀ ní ibùdókọ̀.

Ọ̀nà Ìbàdàn la gbà. A kọjá ẹnu ọ̀nà yunifásítì, a kọjá àwọn tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mò ń wo oko ní ọ̀tún àti ní òsì, mò ń ro nínú ara mi pé ibí ni, ibí kọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ẹdúnàbọ̀n, ó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa mọ́tò.

Ó ní, "Kò jìnnà mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ ọ́ fún àwọn àgbà ilé."

Mo ní, "Mi ò ní sọ ọ́."

"Ẹ ti ń wá fìtílà ọmọ yẹn. Bọ̀dá mi sọ fún mi pé ẹ tú gbogbo ilé. Èmi ni mo mú un. Nígbà tí mo wọ yàrá lọ mú aṣọ, mo rí i láàárín ẹrù ọsibítù rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo wá fi í sábẹ́ bùbá mi. Nígbà tí wọ́n ní kí n wò ó kẹ́yìn kí wọ́n tó kan pósí, mo gbé e sí apá òsì rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń gbé e sí ní ọsibítù."

Ọkọ̀ ńlá kan kọjá, mọ́tò wa mì.

Mo ní, "Ṣé ẹ tàn án?"

Ó ní, "Mo tàn án."

Èmi ni mo ra fìtílà yẹn, mo sì mọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe lágbára tó. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní ìrọ̀lẹ́, kì í di ìdájí kó tó máa ṣe bàìbàì. Mo mọ èyí, mo sì jókòó sínú mọ́tò náà, mo ń wo ọmọ mi tó kọjú sí apá òsì, ìmọ́lẹ̀ fìtílà aláwọ̀ ewé yẹn wà lójú rẹ̀. Mo rí i kedere ju bí mo ṣe rí ọwọ́ ara mi lọ. Láti ọjọ́ tó ti kú, ojú inú mi ò tíì fi ohun rere kan hàn mí àfi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo wá mọ̀ pé bí mo bá dé ibẹ̀, ilẹ̀ ni n ó bá. Koríko á ti hù sórí rẹ̀. Ojú mi á rí i, yóò sì gba ibi tí ìmọ́lẹ̀ yẹn wà nínú ọkàn mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká padà sílé."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dá yín lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Ó tan mọ́tò, ó sì yí i padà sí ọ̀nà Ifẹ̀. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ àwọn oníṣu ni mo tó rí i pé òun náà ń sunkún, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún bí ọmọdé. Òun nìkan ló ti ń gbé ibẹ̀ káàkiri nínú orí rẹ̀ láti ọjọ́ náà, kò sì sí ìkankan nínú wa tó bèèrè bó ṣe ń ṣe é. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Ó ní, "Ṣé ẹ débẹ̀?"

Mo ní, "A ò débẹ̀." Mo wá sọ ọ̀rọ̀ fìtílà náà fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó wọ yàrá ọmọ náà lọ, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tí mo wọ ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i pé ó ti ká okùn cháájà náà nílẹ̀, ó gbé ẹnu rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ní apá òsì. Kò yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Èmi náà ò tíì yọ ọ́.